Oríkì Mi Ti Di Ti Gbọ̀ngàn

Láàárọ̀ Sátidé, mo tún lọ tò sórí ìlà ní gbọ̀ngàn iṣẹ́ ọnà ní Bódìjà, kí n lè gbọ́ oríkì mi lẹ́nu ìyá mi. Àwọn tó ni gbọ̀ngàn náà ti ra oríkì náà lọ́wọ́ rẹ̀. Látìgbà náà, kò gbọdọ̀ fi pè mí nílé mọ́.

Inú yàrá gíláàsì ni wọ́n gbé ìyá mi jókòó sí. Wọ́n kọ "Ìfẹ́ Abiyamọ" sára ògiri lẹ́yìn rẹ̀. Ojú rẹ̀ kì í yí padà rárá. Àwọn ọ̀mọ̀wé sọ pé inú ojú tí kì í yí padà yẹn gan-an ni ọnà wà.

Ọkùnrin kan ló wà níwájú mi. Ó fún ìyá mi ní tíkẹ́ẹ̀tì, ó sì kúnlẹ̀ bí obìnrin, nítorí bẹ́ẹ̀ ni òfin ibẹ̀.

"Àṣàkẹ́ ọmọ mi," ni ìyá mi wí fún un, "ọmọ tí mo pọ̀n sínú kí n tó pọ̀n ọ́n sẹ́yìn."

Irùngbọ̀n ọkùnrin náà kan àyà, síbẹ̀ òun náà ti di Àṣàkẹ́ bíi tèmi. Ó nu ojú. "Ẹ ṣeun, Mà. Ó dùn ju ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá lọ."

Ó kàn mí. Ìyá mi sọ ọ́ fún mi bákan náà, kò fi ọ̀rọ̀ kan kún un. Kí n tó dìde, ó ti ń wo ẹni tó wà lẹ́yìn mi.

Nírọ̀lẹ́, ìyá mi ti ibi iṣẹ́ dé. Mo kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ káàbọ̀, Màámi."

Ó wò mí, ó na ọwọ́ sí mi.

"Tíkẹ́ẹ̀tì rẹ dà?"

Ọwọ́ mi ti wà nínú báàgì kí n tó rántí pé ilé la wà.