Iṣin Tí Kò Tíì La Ẹnu

"Misturat! Dìde! Mo ní kí o dìde!"

Ìyá àgbà ń mi ọmọ náà bí ẹni ń jọ gàrí, ṣùgbọ́n orí rẹ̀ kàn ń yẹ̀ sọ́tùn-ún sósì ni lábẹ́ igi iṣin. Ọ̀bẹ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú èèpo iṣin tí wọ́n fi tipátipá là. Iṣin tí kò bá fúnra rẹ̀ la ẹnu lórí igi, ikú ni. Ẹni tó bá jẹ ẹ́ á bì, á sùn, kò sì ní jí mọ́.

Inú ìyá àgbà ti ń rú láti ìgbà tó ti kírun Àílà ọ̀sán tán. Ẹ̀rù wá bá a.

Ìbàdàn ni ọmọ yìí ti wá lo hòlídé. Gbogbo oore igi náà ni ìyá àgbà ti kà fún un, àfi ti ẹnu tó gbọ́dọ̀ là.

Misturat lajú, ó yán. "Ìyá, kí ló dé?"

"Mélòó lo jẹ? Sọ òótọ́, ọmọ mi!"

"Èmi kẹ̀? N kò fẹnu kàn án. Gígùn tí mo gun igi láàárọ̀ ló rẹ̀ mí."

"Alihamudulilahi!" Ìyá àgbà gbá a mọ́ra. "Ta wá ló jẹ ẹ́?"

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin náà ni. Òun ni mo fi se ọbẹ̀ tí ẹ fi jẹ ẹ̀kọ láàárọ̀. Ṣebí ẹ ní ó ń fún àgbà lókun? Ẹ tilẹ̀ lá àwo yín mọ́."

Ọwọ́ ìyá àgbà tú lára ọmọ náà díẹ̀díẹ̀. Ó gbójú sókè. Àwọn iṣin tó kù pọ́n fòò nínú oòrùn, wọ́n panu mọ́.