Rọ́bà Gáàsì Tí Tìjání Fi So Ọ́ìlì Kúlà

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ka ìtàn yìí dé ìdajì kí ẹ fi sílẹ̀. Ẹ kà á tán, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni tó bá ní ọkọ̀, ọ̀kadà tàbí jẹnẹrétọ̀ nílé.

1.
Tìjání ní bíìkì onítáyà mẹ́rin kan tó fi ń gbé àwọn tó bá wá ṣeré káàkiri orí iyanrìn létí òkun ní Ìkátẹ̀. Òun ló ń pe èrò, Ìsìmáílà àbúrò rẹ̀ ló ń wà á lọ́jọ́ ìsinmi. Láàárín ọ̀sẹ̀, táìlì ni Ìsìmáílà ń lẹ̀ nílé àwọn tó ń kọ́lé ní Awoyaya. Ẹ mọ̀ pé orí ìkúnlẹ̀ ni oníṣẹ́ táìlì ti ń jẹun. Orúnkún méjèèjì yẹn ló fi ń bọ́ Bàlíkísù, ìyàwó rẹ̀ tó wà nínú oyún.

Iyanrìn máa ń mú kí ẹ́ńjìnnì gbóná. Ìdí nìyí tí àwọn oníbíìkì ibẹ̀ fi ní òfin kan: tí wọ́n bá ti pe ìrun, ẹni tó ń kírun àti ẹni tí kì í kírun, kálukú á pa ẹ́ńjìnnì rẹ̀, á jẹ́ kó tutù títí ìrun á fi parí.

Òfin yìí ń bí Tìjání nínú. "Èrò ń lọ, ẹ̀yin ń fún irin nísinmi!" Ló bá ní òun máa fi ọ́ìlì kúlà mìíràn kún tòun, ìyẹn rédíétọ̀ kékeré tí ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì máa ń gbà kọjá kí atẹ́gùn lè tù ú lára.

2.
Ọ̀gá Ògúnkúnlé, mẹkáníìkì ní Ṣàngótẹ̀dó, de kúlà náà mọ́ iwájú bíìkì. Ó ku rọ́bà tí ọ́ìlì máa gbà.

"Rọ́bà tó yẹ ẹ́, ó di ẹ̀yìn Iléyá kí n tó rí i. Jẹ́ kó wà níbí."

"Ẹ̀yìn Iléyá kẹ̀, ọ̀gá? Ọjọ́ Iléyá gan-an ni etíkun máa kún!"

"Ọ́ìlì gbígbóná kì í ṣe omi, Tìjání. Ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ ẹni tó ń wà á ni rọ́bà yìí máa gbà kọjá."

"Ẹ kàn fẹ́ kí n máa wá kí yín lójoojúmọ́ ni."

Tìjání gbé bíìkì rẹ̀ lọ. Ó ra rọ́bà tí wọ́n fi ń so sílíńdà gáàsì mọ́ sítóòfù, ó gé e sí méjì, ó fi so ẹnu kúlà mọ́ ẹ́ńjìnnì, ó wá fi tíúbù tó ti gbó dì í pinpin, bí àwọn ọlọ́kadà ṣe ń di ẹrù. Ó ṣáná sí ẹ́ńjìnnì. Kò jò. Kúlà tuntun ti gbà nínú ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì, ṣùgbọ́n Tìjání ò yọ ọ̀pá tí wọ́n fi ń wọn ọ́ìlì wò bóyá ó dín kù.

3.
Lọ́jọ́ Iléyá, ẹnu Tìjání ò sinmi. "Ẹ wá gun tèmi! Fìríìjì ló wà nínú ẹ̀!"

Nígbà tó di ọ̀sán, Ìsìmáílà dúró. "Ẹ̀gbọ́n, mò ń gbóòórùn ọ́ìlì."

"Ẹran tó o jẹ ló ń rùn sí ẹ nímú."

"Ẹ wo ilẹ̀, ẹ̀gbọ́n."

Lóòótọ́, ohun dúdú kan ń kán tó tò tó lórí iyanrìn lẹ́yìn bíìkì. Tìjání fi ẹsẹ̀ gbá iyanrìn bò ó.

Wọ́n pe ìrun Alásàrí. Ẹ́ńjìnnì ń kú lọ́kọ̀ọ̀kan, títí ó fi ku ẹyọ kan ṣoṣo. Gbàdàmọ́sí, oníbíìkì ẹlẹgbẹ́ wọn, kígbe pé: "Tìjání, ṣé kì í rẹ irin tìẹ ni?"

"Ìlara!" Ó yíjú sí àbúrò rẹ̀. "Èrò ń dúró. Mo ní ó ti tutù. Lọ!"

Ìsìmáílà wò ó. Ó lọ.

Kò tíì dé ibi tí wọ́n ti ń ṣẹ́rí padà tí rọ́bà gáàsì tó ti rọ̀ fi bọ́ lẹ́nu kúlà. Ọ́ìlì tó ń hó tú sí i láti orúnkún dé kókósẹ̀. Igbe tó ké, àwọn tó wà lórí ìrun gbọ́ ọ.

4.
Ìsìmáílà kò kú. Ṣùgbọ́n awọ orúnkún rẹ̀ ti súnkì, kò ṣeé ká mọ́. Ní ọsibítù, Bàlíkísù ò pariwo. Ohun tó sọ ò ju ẹyọ kan lọ:

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin lẹ sọ fún un pé ó ti tutù."

Lónìí, Tìjání ló ń po sìmẹ́ńtì fún àwọn oníṣẹ́ táìlì ní Awoyaya, ẹnu ọ̀nà Bàlíkísù ló sì ń gbé owó iṣẹ́ náà lọ. Bàlíkísù ń gbà á. Kì í bá a sọ̀rọ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ kà á dé ibí, ẹ gbọ́ ìkìlọ̀. Tí ẹ bá fi nǹkan tuntun kún ẹ́ńjìnnì, rọ́bà ọ́ìlì ni kí ẹ lò fún ọ́ìlì, kí ẹ sì yọ ọ̀pá wo ọ́ìlì kí ẹ tó gbéra. Kúlà mẹ́wàá ò sọ pé kí ẹ́ńjìnnì má sinmi. Bí ẹni tó ń wà á bá ní òun ń gbóòórùn, ẹ pa ẹ́ńjìnnì náà lójú ẹsẹ̀. Kí ẹ tó sọ fún ọmọ ẹlòmíràn pé kò séwu, ẹ kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ tiyín síbi tí tirẹ̀ wà.