Orin Ìkíni Káàbọ̀ Aránṣọ

Aránṣọ náà ti ń ta gìtá kí takisí tó dúró lẹ́nu ilé wọn n'Ísọlọ̀. Àpótí sìgá ni káfíńtà Òkòta kan fi kàn án fún un, wáyà bíréèkì kẹ̀kẹ́ sì ni okùn rẹ̀. Oṣù mẹ́ta ló fi kọ́ kọ́ọ̀dù mẹ́ta, kó lè fi orin pàdé ọkọ rẹ̀ tó lọ kàwé ní Lọ́ńdọ̀nù.

Ọkọ sọ̀kalẹ̀, ó sì na ọwọ́ fa obìnrin aboyún kan jáde.

“Yọmí, ta nìyí?” aboyún náà bi í, ó ń wo aránṣọ.

Ọkùnrin náà wo ilẹ̀. “Ẹ̀gbọ́n mi ni.”

Obìnrin náà kúnlẹ̀ tòun toyún. “Ẹ káàsán, mà. Orin yín mà dùn o! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un kọ fún wa.”

Aránṣọ mí kanlẹ̀, ó gbé ìka pa dà sórí wáyà, ó sì fi orin náà kí tọkọtaya náà káàbọ̀.