Kóòdù Tí Ẹnikẹ́ni Ò Gbọdọ̀ Fọwọ́ Kàn

Ìfura ni àrùn tó ń ṣe ọkùnrin kan. Áàpù fóònù ló ń kọ, ó sì mọ iṣẹ́ náà bí ẹni mowó, ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀dá alààyè tó fọkàn tán. Máfọwọ́kàn-án ni wọ́n ń pè é ní ọ́fíìsì, torí ọ̀rọ̀ tó máa ń sọ nìyẹn bí ẹnikẹ́ni bá ti sún mọ́ kọ̀ǹpútà rẹ̀.

Áàpù tí àwọn aláìsàn fi ń pe ọkọ̀ ilé ìwòsàn ló wà níkàáwọ́ rẹ̀. Bọ́tìnnì pupa kan wà lójú ìwé kọ̀ọ̀kan. Ẹni bá ti tẹ̀ ẹ́, ìpè á wọlé sí ilé ìwòsàn. Ẹ̀ẹ̀kan ló yẹ kó kọ kóòdù, ìyẹn àṣẹ tí áàpù ń tẹ̀lé, fún bọ́tìnnì yìí, kí gbogbo ojú ìwé jọ máa lò ó. Rárá o! Ojú ìwé kọ̀ọ̀kan ló tún un kọ sí, ó lọ́ ọ pọ̀, ó fún un ní orúkọ tí òun nìkan mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Èrò rẹ̀ ni pé bí kò bá yé ẹlòmíì, kò sẹ́ni tó máa lè gbapò òun.

Nígbà tó yá, wọ́n gba obìnrin kan síṣẹ́. Ó wo kóòdù náà títí, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká gé e kúrú. Ká kọ bọ́tìnnì yìí lẹ́ẹ̀kan péré.”

Àyà ọkùnrin wa já. Ipò òun lobìnrin yìí mà ń wá! Bí obìnrin náà bá kí i, ó fura. Bó bá rẹ́rìn-ín, ó tún fura. Ó lọ parọ́ mọ́ ọn lọ́dọ̀ ọ̀gá pé ó fẹ́ ba áàpù jẹ́, ọ̀gá sì gbà á gbọ́.

Kò pẹ́ ni ilé ìwòsàn yí nọ́ńbà tí bọ́tìnnì náà ń pè padà. Máfọwọ́kàn-án ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ran òun lọ́wọ́. Ó tún un ṣe níbi tó rántí, ó gbàgbé ojú ìwé kan. Ojú ìwé yẹn gan-an ni bàbá arúgbó kan ṣí nígbà tí kò lè mí dáadáa mọ́. Ó tẹ bọ́tìnnì títí, nọ́ńbà tó ti kú ló ń pè. Kí àwọn ọmọ rẹ̀ tó gbé e dé ilé ìwòsàn, ẹ̀pa ò bóró mọ́. Ó mà ṣe o.

Nígbà tí ọ̀gá gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, ó pe Máfọwọ́kàn-án síwájú gbogbo òṣìṣẹ́, ó ní kó fi ibi tí nọ́ńbà àtijọ́ wà hàn wọ́n. Ó wá a sókè, ó wá a sísàlẹ̀, kò rí i. Kóòdù tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ò yé òun alára mọ́. Ó wá yíjú sí obìnrin tó ti bà lórúkọ jẹ́.

“Jọ̀ọ́, bá mi wò ó.”

Obìnrin náà wá a rí, ó sì gé gbogbo rẹ̀ kù sí bọ́tìnnì kan ṣoṣo. Ọjọ́ náà ni wọ́n lé Máfọwọ́kàn-án níṣẹ́, wọ́n sì fi obìnrin náà sípò rẹ̀. Àwọn ọmọ bàbá tó kú dúró lẹ́nu ọ̀nà bó ṣe ń jáde, kò lè wo ojú wọn.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ má ṣe lọ́ iṣẹ́ yín pọ̀ nítorí kí ẹlòmíì má baà mọ̀ ọ́n. Ẹ jẹ́ kó ṣe kedere, kí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín lè rí àṣìṣe yín kó tó pa ọmọ ọlọ́mọ. Ẹni tí ẹ sì ń fura sí yẹn, ó lè jẹ́ òun ló fẹ́ yọ yín nínú ewu.