Orúkọ Tí Fóònù Pa Rẹ́

"Tiwa, kí ni mo máa ń pe màmá rẹ kí a tó bí ọ?"

Tiwalọlá jókòó sórí kúlà àtijọ́ ìyá rẹ̀. Ní ọ̀sán yìí ni ẹni tó ń gbẹ́ òkúta ibojì máa wá gba orúkọ olóògbé. Orúkọ ìkẹ́ tí bàbá rẹ̀, Bàbá Ọláṣùpọ̀, fi kí ìyàwó rẹ̀ nínú àtẹ̀jíṣẹ́ àkọ́kọ́, nígbà tí wọn kò tíì fojú kan ara wọn, ló fẹ́ kó wà níbẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ti gbàgbé rẹ̀, ó sì tún ṣí fóònù wò. "Báwo ni," lẹ́yìn náà àlàfo funfun. Láti ìgbà tí òfin ti ní kí àjèjì má fi orúkọ ìkẹ́ pe ara wọn kí àádọ́rùn-ún ọjọ́ tó pé tí wọ́n ti mọra, fóònù ti pa gbogbo irú rẹ̀ rẹ́, títí kan ti ogójì ọdún sẹ́yìn.

"Màmá Tiwa náà lẹ máa ń pè wọ́n. Ẹ jẹ́ kó kọ ìyẹn."

"Ìwọ lo ni ìyẹn. Tèmi ni mò ń wá."

Tiwalọlá dìde láti lọ bu omi fún un. Lára kúlà náà, níbi tí ẹsẹ̀ Tiwalọlá bò tẹ́lẹ̀, ni ìyá rẹ̀ ti fi ọ̀dà èékánná pupa kọ orúkọ kan sí láti fi sàmì sí ẹrù rẹ̀, kó má baà sọnù lóde ayẹyẹ.

Bàbá Ọláṣùpọ̀ tẹ̀ síwájú, ó rọra kà á: "Adúmáadán."