Ṣé O Ti Yọ Abẹ̀bẹ̀ Imú Rẹ̀?

"Ṣé o ti yọ abẹ̀bẹ̀ imú rẹ̀?"

"Bàbá mi, ẹ̀ẹ̀kẹta nìyí. Mo ti yọ ọ́."

Bàálù ìṣeré tí wọ́n ń fi rédíò darí, tí abẹ̀bẹ̀ imú rẹ̀ máa ń yí bí ọ̀bẹ, ló wà láàárín bàbá àti ọmọbìnrin rẹ̀ lórí tábìlì, òun fúnra rẹ̀ ló sì ń kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń so wáyà rẹ̀.

"Bátìrì ńkọ́?"

"Pupa mọ́ pupa, dúdú mọ́ dúdú. Ṣùgbọ́n òdì ni ẹ́ńjìnnì ń yí sí."

"Wáyà mẹ́ta tó ti inú àpótí tó ń díwọ̀n eré ẹ́ńjìnnì wá, pààrọ̀ méjì nínú wọn. Kọ́kọ́ yọ bátìrì o!"

"Ẹ̀rù yín ti pọ̀ jù. Bàálù ìṣeré ni, kì í ṣe ẹkùn."

"Ẹkùn sàn. Ẹkùn á kọ́kọ́ bú ramúramù kó tó fò mọ́ni."

Bátìrì wọlé padà. Àpótí ké pí-pí-pí. Àga ọmọ sún mọ́ tábìlì.

"Má gbé ojú síwájú rẹ̀!"

Nǹkan gbá rédíò ìdarí. Ẹ́ńjìnnì hó yee. Ọmọ figbe ta.

Bàbá fò dìde, àga rẹ̀ ṣubú. Ó nawọ́ kiri títí ó fi kan orí ọmọ. Ìka rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ láti iwájú orí, ó bá ipénpéjú ọ̀tún, ó bá tòsì.

"Bàbá, ìgbọ̀nwọ́ mi ló gbá rédíò. Ariwo rẹ̀ ló kàn já mi láyà. Mo ní mo ti yọ ọ́."

Ìka bàbá tún bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀tún.

Lọ́jọ́ tí bàbá so tirẹ̀, kò yọ abẹ̀bẹ̀ náà.

Òun ni ohun tí ojú rẹ̀ rí kẹ́yìn.