Ìyàwó Káfíńtà Ń Sáré

Káfíńtà náà kì í gbọ́kàn lé ohun tí kò bá ṣe é wọ̀n. Téèpù ìwọ̀n kì í kúrò lápò rẹ̀, ọjọ́ ìsinmi pàápàá. Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ sọ pé òun fẹ́ máa sáré, kí òun lè bá wọn kópa nínú eré ìje oníkìlómítà méjìlélógójì tó ń bọ̀ lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, kò bá a jà. Ó gun alùpùpù rẹ̀, ó wọn ọ̀nà láti ẹnu ilẹ̀kùn wọn dé orí afárá, àlọ àti àbọ̀. Kìlómítà mẹ́wàá. Ó fún un ní wákàtí kan.

"Tó o bá pẹ́, wàá ṣàlàyé," ló wí.

Oṣù kìíní lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù kejì, obìnrin náà fi ìṣẹ́jú mẹ́rin pẹ́, torí ó dúró kí àgbàlagbà kan lójú ọ̀nà. Káfíńtà kò pariwo. Ó mú ọwọ́ òsì ìyàwó rẹ̀, ó to ìka mẹ́rin sí ara férémù ilẹ̀kùn, ìka kan fún ìṣẹ́jú kan, ó sì gbá ilẹ̀kùn náà dé.

Ẹ̀gbọ́n obìnrin náà, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, ló fi igi pẹlẹbẹ di àwọn ìka náà. Káfíńtà dúró tì wọ́n.

"Kí ló ṣe ọ́?" ẹ̀gbọ́n bi í.

"Mo ṣubú ni."

Ẹ̀gbọ́n wo ojú rẹ̀, ó wo ilẹ̀kùn, ó sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Láti ìgbà ọmọge ni nọ́ọ̀sì náà ti ń sáré, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì yá ju ti àbúrò rẹ̀ lọ. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó wá bá káfíńtà ní ṣọ́ọ̀bù.

"Àna mi, ẹ má bínú. Ẹni tó bá fẹ́ sá eré gígùn yẹn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sá ìdajì rẹ̀ wò. Kìlómítà mọ́kànlélógún, lójú títì, ní Sátidé. Pápá tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù yín yìí ni yóò parí sí. Mo fẹ́ kí àwa méjèèjì jọ lọ."

"Láàárín gbogbo èrò yẹn? Ta ni yóò máa ṣọ́ ọ?"

"Ẹ̀rọ ni." Ó yọ nǹkan pẹlẹbẹ kan bíi bọ́tìnnì nínú àpò rẹ̀. "Tèmi wà nílé, tirẹ̀ nìyí. Bàtà ni wọ́n ń so ó mọ́. Ibi mẹ́rin ni wọ́n tẹ́ ẹní sí lójú ọ̀nà. Bí bọ́tìnnì yìí bá ti kọjá lórí ọ̀kan, àtẹ̀jíṣẹ́ á wọlé sórí fóònù yín: ibi tó dé, àti iye ìṣẹ́jú tó lò."

Káfíńtà yí bọ́tìnnì náà lọ́wọ́ síwá sẹ́yìn. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó fi àkísà nu àga fún un.

"Ẹ jókòó, ẹ̀gbọ́n."

Láàárọ̀ Sátidé, ìyàwó rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó ń fi ọwọ́ kan so okùn bàtà. Ọkọ rẹ̀ dúró lé e lórí.

"Kìlómítà kan, ìṣẹ́jú mẹ́fà. Èyí tó bá lé, ara rẹ ni mo máa kà á sí."

"Mo ti gbọ́, sà."

Ọkọ gbé bàtà tirẹ̀ lé ọwọ́ dídì tí ìyàwó gbé kalẹ̀, ó rọra tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, bí ẹni ń dán pákó wò bóyá ó ti gbẹ. Obìnrin náà fi ọwọ́ kejì fa okùn náà le. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dúró lẹ́nu géètì, kò gbójú kúrò.

"Jẹ́ ká máa lọ, àbúrò mi," ó wí. "A ò gbọdọ̀ pẹ́."

Gbogbo àdúgbò ti lọ wòran lójú títì. Káfíńtà nìkan ló wà ní ṣọ́ọ̀bù. Ó ṣa igi líle kan tó gùn tó apá, ó ń fá a kí ẹ̀gún ara igi náà má baà gún òun fúnra rẹ̀ lọ́wọ́ tó bá di ìrọ̀lẹ́. Fóònù ké. Kìlómítà márùn-ún, ìṣẹ́jú mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Ó fi pẹ́ńsùlù fa ìlà kan sára igi náà. Nígbà tó yá, ó tún ké: kìlómítà mẹ́wàá, wákàtí kan àti ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ó fa ìlà méjì kún un.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń lẹ táyà lẹ́bàá títì pè é.

"Ẹ̀gbọ́n ìyàwó ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá níbí. Ó kàn ń rọra sá eré tiẹ̀ ni, aago ọwọ́ ló ń wò ṣáá."

"Ìyàwó mi ńkọ́?"

"Èrò pọ̀ bí eṣú. Mi ò rí i."

"Ẹ̀rọ rí i," káfíńtà wí, ó rẹ́rìn-ín. "Ó ti jẹ ìṣẹ́jú mẹ́ta."

Ó tan ẹ̀rọ ìfági, ariwo gba gbogbo ṣọ́ọ̀bù. Ó ń ro ibi tí òun yóò ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yìn ló dáa jù, aṣọ á bò ó. Iná fóònù tàn lórí tábìlì: kìlómítà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, wákàtí kan ààbọ̀ àti ìṣẹ́jú márùn-ún. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ láti fa ìlà, nǹkan kan bà á ní ìpàkọ́.

Ó wólẹ̀ lórí orúnkún. Ó kọ́kọ́ rò pé pákó ló já bọ́ látòkè. Ìkejì fọ́ eegun ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, ìgbà yẹn ló mọ̀ pé òòlù onígi òun ni. Olè, ó rò bẹ́ẹ̀. Ó na ọwọ́ sí àpò rẹ̀ kí onítọ̀hún lè kó ohun tó wà níbẹ̀. Onítọ̀hún kò fọwọ́ kan àpò. Ìkẹta bà á ní èjìká, ìkẹrin padà sí orí. Ẹnu rẹ̀ kún fún èérún igi àti ẹ̀jẹ̀. Nílẹ̀ tó wà, ó ṣì ń ṣírò: ìyàwó òun kò ní í ju ìṣẹ́jú ogójì lọ mọ́, yóò dé, yóò rí òun, yóò pariwo pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nọ́ọ̀sì. Kó ṣáà má pẹ́. Òòlù náà ń bọ̀, ó ń lọ, láìkánjú, títí tí kò fi sí nǹkan kan tó ń ṣírò mọ́. Lẹ́yìn náà ni ọwọ́ kan pa ẹ̀rọ ìfági.

Ní ìṣẹ́jú méjìdínlógójì lẹ́yìn àtẹ̀jíṣẹ́ kẹta, àtẹ̀jíṣẹ́ kẹrin wọlé pé ìyàwó káfíńtà ti sáré dé òpin ìdíje. Ìyàwó náà, tó ti ń dúró dè é lórí àga, na ọrùn kà á láìfọwọ́ kàn án, ó sì gba ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù jáde sí pápá láti lọ tú bọ́tìnnì tòun kúrò lẹ́sẹ̀ òsì ẹ̀gbọ́n rẹ̀.